Ohun Tí Okùn Lè Gbé: Àlàyé lórí Ìsokọ́ra Kọ̀ǹpútà Abẹ́lé, Ìfiránṣẹ́ àti Ohùn Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Ó ṣòro láti rí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè kan ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga lónìí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan kọ̀ǹpútà. Orí rẹ̀ ni a ń tẹ ìwé ìdánwò sí, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ máàkì ń gbé, òun náà ni a fi ń fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí olóòtú. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti inú ẹ̀rọ kan bọ́ sínú èkejì, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdáhùn náà kò tó. Ẹni tí yóò bá ránni níṣẹ́ ni ó yẹ kí ó mọ irú ìránṣẹ́ tí òun ní, ohun tí ó lè gbé, àti ohun tí ó lè jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ohun mẹ́ta ni a ó ṣe. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà abẹ́lé jẹ́ àti bí iṣẹ́ ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó tẹ̀ lé iṣẹ́ náà jáde kúrò nínú ilé dé ojú òkun. Ní ìparí, a ó wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí èdè Yorùbá lórí ìrìn-àjò yìí, nígbà tí a bá ń sọ ọ́ àti nígbà tí a bá kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n.

2.0 Kí ni Ìsokọ́ra Abẹ́lé?

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan tí ó ní ọ́fíìsì márùn-ún, kọ̀ǹpútà márùn-ún àti ẹ̀rọ atẹ̀wé kan ṣoṣo. Bí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá dá wà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé jáde ní láti da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sórí ohun ìfipamọ́ kan, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ atẹ̀wé wà. Bí akọ̀wé bá tún orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, èyí tí ó wà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka kò ní yí padà. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, ẹ̀ka kan náà yóò ní àkọsílẹ̀ márùn-ún tí kò bára mu. Ṣùgbọ́n bí a bá so àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí pọ̀, tí a sì fi àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo sí ojú kan tí gbogbo wọn ti lè rí i, ẹ̀rọ atẹ̀wé di ti gbogbo ilé, àkọsílẹ̀ náà sì di ọ̀kan. Ohun tí a ṣe yìí ni a ń pè ní ìsokọ́ra abẹ́lé.

Àbùdá mẹ́ta ni a fi ń dá a mọ̀. Èkíní, agbègbè rẹ̀ kì í tóbi: yàrá kan, ilé kan, tàbí àwọn ilé mélòó kan nínú ọgbà kan náà. Èkejì, ẹni kan tàbí àjọ kan ni ó sábà máa ń ni ín, òun ni ó ra okùn rẹ̀, òun ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ máa ń yá nínú rẹ̀ ju ti okùn tí a ń yá lò láti ìlú kan sí èkejì lọ, nítorí pé ọ̀nà kò jìn.

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a lè gbà to irú ìsokọ́ra báyìí. A lè na okùn kan gbọọrọ, kí ẹ̀rọ gbogbo so mọ́ ọn bí ìgbà tí a sá aṣọ sórí okùn. Ewu rẹ̀ ni pé bí okùn náà bá já níbì kan, gbogbo ilé ni ó kàn. A lè tò wọ́n ní òbírí, kí ọ̀rọ̀ máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tẹ̀ lé e títí yóò fi yí po. Ọ̀nà kẹta ni kí okùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wá pàdé ní ojú kan, bí ọmọ ìka ṣe so mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà ní ojú ìpàdé yìí ni a ń pè ní súíìsì. Ọ̀nà kẹta yìí ni ó gbajúmọ̀ jù lónìí, nítorí pé bí ìka kan bá ṣẹ́, àwọn yòókù á ṣì máa ṣiṣẹ́.

3.0 Ohun Tí Ó Ń Rìn Nínú Okùn

Ọ̀rọ̀ kì í rìn nínú okùn, nọ́ńbà ni. Irú nọ́ńbà méjì péré ni ẹ̀rọ sì mọ̀: òdo (0) àti ení (1). Nínú wáyà, a lè fi bí agbára iná ṣe yí padà dúró fún wọn. Nínú okùn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, títàn àti àìtàn ìmọ́lẹ̀ lè dúró fún wọn. Ẹyọ òdo tàbí ení kan ni a ń pè ní bíìtì. Bíìtì kan lè sọ nǹkan méjì, méjì lè sọ mẹ́rin, mẹ́ta lè sọ mẹ́jọ. Bí a bá to bíìtì méje, ọ̀nà 128 ni a lè gbà tò ó. Bí a bá to mẹ́jọ, ó di 256.

Ẹni tí ó bá mọ àrokò kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Bí ẹnì kan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ láyé àtijọ́, ẹni tí ó gbà á mọ̀ pé ẹ̀fà ni, ó sì gbọ́ “fà” nínú rẹ̀: ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ó sì gbọ́ “jọ”: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Nọ́ńbà ni a fi ránṣẹ́. Èdè ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ẹyọ mẹ́fà kò ju owó ẹyọ mẹ́fà lọ. Àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó fi àrokò ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á ni ó sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni a ó padà sí.

Kí ló dé tí a fi ń sọ ohun gbogbo di òdo àti ení? Ìdí pàtàkì ni ariwo. Kò sí ọ̀nà ìfiránṣẹ́ tí kò ní ohun tí ń dí i lọ́wọ́: iná tí ń kọ lójú ọ̀run, ẹ̀rọ amúnáwá tí ń ṣiṣẹ́ nítòsí, ooru inú wáyà fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ìgbì ohùn ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí, ariwo náà yóò dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ tí a bá sì fi gbé ohùn náà sókè lójú ọ̀nà yóò gbé ariwo náà sókè pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òdo àti ení nìkan ni a ń retí, ẹ̀rọ ojú ọ̀nà kàn ní láti pinnu èwo nínú méjèèjì ni ó dé, kí ó sì tún un kọ ní tuntun. Ọ̀rọ̀ gígùn tí a sọ sétí ẹni mẹ́wàá lè yí padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹwàá. “Bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” kì í tètè yí padà.

4.0 Àwọn Ọ̀nà Tí Iṣẹ́ Ń Gbà

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni wáyà bàbà. Èyí tí a ń lò nínú ilé lónìí ní wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ nínú, tí a lọ́ pọ̀ ní méjì-méjì. Lílọ́ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ariwo tí ó bá kọ lu ọ̀kan yóò kọ lu èkejì bákan náà, ẹ̀rọ tí ń gba iṣẹ́ yóò sì fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ka ohun tí a fi ránṣẹ́, ariwo yóò sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Ìwọ̀n 100 mítà ni ìlànà gbà láàyè fún irú okùn yìí láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti fi ẹ̀rọ mìíràn sí àárín.

Èkejì ni okùn dígí. Dígí tí ó mọ́ gaara ni, tí a fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Ìmọ́lẹ̀ tí a bá tàn sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan kì í jáde lára rẹ̀. Yóò máa ta padà sí inú títí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ọdún 1966 ni Charles Kao àti George Hockham fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé bí a bá lè mú ìdọ̀tí kúrò nínú dígí tó, ìmọ́lẹ̀ lè gbé iṣẹ́ dé ọ̀nà jíjìn. Ìwọ̀n 200,000 kìlómítà ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí ó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta eré rẹ̀ lójú òfuurufú.

Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́, níbi tí ìgbì rédíò ti ń gbé iṣẹ́ láìlo okùn rárá. Ọdún 1997 ni ìlànà àkọ́kọ́ jáde fún irú ìsokọ́ra abẹ́lé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí sí Wi-Fi. Ànfààní rẹ̀ kò fara sin. Àbùkù rẹ̀ ni pé ògiri ń dín agbára rẹ̀ kù, àti pé gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí ni ó ń pín afẹ́fẹ́ kan náà lò.

5.0 Àdéhùn Láàárín Àwọn Ẹ̀rọ

Bí ẹ̀rọ márùn-ún bá ń lo okùn kan, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Ní ọdún 1971, Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii ti fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ láti erékùṣù kan sí èkejì. Ní 1973, Robert Metcalfe mú ẹ̀kọ́ lára iṣẹ́ wọn. Òun àti David Boggs sì dá ìlànà tí a ń pè ní Ethernet sílẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní California. Òfin rẹ̀ kò le: gbọ́ kí o tó sọ. Bí okùn bá dákẹ́, ẹ̀rọ lè sọ̀rọ̀. Bí méjì bá sọ̀rọ̀ pa pọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn sì kọ lu ara wọn, àwọn méjèèjì yóò dákẹ́, oníkálukú yóò sì dúró díẹ̀ kí ó tó tún gbìyànjú.

Ẹni tí ó bá ti jókòó nípàdé àgbà yóò mọ èyí. Àwọn méjì á la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì á sì dákẹ́. “Ẹ máa wí.” “Rárá o, ẹ̀yin ni kí ẹ wí.” Bí àwọn méjèèjì bá dúró fún ìwọ̀n àkókò kan náà, wọn yóò tún la ẹnu pa pọ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà náà fi ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ta ohun tí ó dà bí ìbò láti mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ó tó tún sọ̀rọ̀. Ìlànà mìíràn tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1985 gba ọ̀nà òbírí: àmì kan ń yí kiri, ẹni tí àmì náà bá sì dé ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn. Ethernet ni ó borí níkẹyìn. Nígbà tí súíìsì sì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní okùn tirẹ̀, ìkọlù ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé nínú wáyà.

Àdéhùn kejì kan bí a ṣe ń di ẹrù. A kì í fi ìwé odindi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan; a máa ń gé e sí ìdì kéékèèké. Nínú Ethernet, ohun tí ìdì kan lè gbé kì í sábà ju 1,500 báìtì lọ, báìtì kan sì jẹ́ bíìtì mẹ́jọ. Àdírẹ́sì olùgbà àti ti olùfiránṣẹ́ wà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan, bíìtì 48 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìdí rẹ̀ ni nọ́ńbà àyẹ̀wò kan wà, tí a ṣírò láti inú ẹrù náà. Ohun tí alágbàtà ń ṣe nìyí nígbà tí ó bá ka ọsàn kí ó tó gbé e fún alárù, tí ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé: ẹni tí ó gbà á yóò tún un kà. Bí ìṣirò olùgbà kò bá bá nọ́ńbà náà mu, yóò da ìdì náà nù, àdéhùn mìíràn yóò sì béèrè pé kí a tún un fi ránṣẹ́.

6.0 Láti Abẹ́lé dé Ojú Òkun

Nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ jáde kúrò nínú ilé, ẹ̀rọ tí a ń pè ní ráútà ni ó ń ṣe oníbodè. Yóò ka àdírẹ́sì tí ó wà lára ìdì, yóò sì yan ọ̀nà tí yóò gbà á lọ. Àdéhùn tí ó mú èyí ṣeé ṣe láàárín ìsokọ́ra tí kò jọ ara wọn ni Vinton Cerf àti Robert Kahn kọ jáde ní 1974. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1983 ni ìsokọ́ra ńlá tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò yí padà sí i, lára rẹ̀ ni ayélujára sì ti dàgbà.

Ìfiránṣẹ́ lórí okùn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1886 ni okùn abẹ́ òkun ti so Èkó pọ̀ mọ́ London, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ wáyà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Okùn dígí SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, àwọn mìíràn bí MainOne sì dé Èkó ní 2010. Okùn wọ̀nyí ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí a ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Nígbà tí mélòó kan nínú wọn bà jẹ́ pa pọ̀ nínú òkun nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta ọdún 2024, iṣẹ́ báǹkì àti ti ayélujára dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà nínú wọn.

Sátẹ́láìtì ni ọ̀nà kejì. Irú èyí tí ó dúró gbári sójú kan lókè wa wà ní nǹkan bí 35,786 kìlómítà sí ilẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó gòkè kí ó sì sọ̀ kalẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan ti kọjá. Kí èsì tó padà, ó ti di ìdajì. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fi máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu láìmọ̀.

7.0 Ohùn Yorùbá Lórí Tẹlifóònù

A ti wá dé ibi tí a ń lọ. Èdè olóhùn ni Yorùbá. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba, tí ó ń ya igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà tí ó jẹ́ àkókò. Kí ni tẹlifóònù ń ṣe sí ohùn wọ̀nyí?

Láti dín ìnáwó kù, àwọn tí ó dá tẹlifóònù sílẹ̀ kò gbé gbogbo ìró ẹnu ènìyàn kọjá. Ìró tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 300 sí 3,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìkan ni okùn tẹlifóònù àtijọ́ ń gbà wọlé. Bí a bá fẹ́ sọ ìró náà di nọ́ńbà, a ó wọ̀n ọ́n ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ó sì fi bíìtì mẹ́jọ kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bíìtì 64,000. Ṣùgbọ́n tán-án-ná ọ̀fun ènìyàn, níbi tí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti ń jáde, sábà máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 80 sí 250. Èyí ni pé orísun ohùn gan-an ni tẹlifóònù gé kúrò!

Síbẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá tí ó gbé tẹlifóònù sétí tí ó pàdánù ohùn. Ìdí ni pé ọ̀fun tí ó ń gbọ̀n ní ìgbà 120 kò mú ìró 120 nìkan jáde. Ó ń mú 240, 360, 480 àti àwọn mìíràn jáde pẹ̀lú. Tẹlifóònù gé 120 àti 240, ṣùgbọ́n 360 àti 480 kọjá, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì jẹ́ 120. Etí àti ọpọlọ wa ń fi àlàfo yìí mọ ohun tí a gé kúrò. Kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ ni ó dá ohùn Yorùbá sí lórí tẹlifóònù. Ọ̀nà tí a gbà dá etí ènìyàn ni.

Ìlù dùndún kọ́ wa ní irú ẹ̀kọ́ yìí láti ọ̀nà mìíràn. Ìlù ń gbé ohùn, ó sì fi kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì sílẹ̀. Nítorí pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ohùn wọn dọ́gba, àyàn kì í sábà dá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lù. Oríkì àti òwe tí àwùjọ ti mọ̀ ni ó ń lù, kí gígùn gbólóhùn àti ìmọ̀ olùgbọ́ lè dí àlàfo náà. Ohun tí nọ́ńbà àyẹ̀wò ń ṣe lára ìdì kò jìnnà sí èyí: àfikún tí a fi ń dáàbò bo iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àṣìgbọ́.

8.0 Yorùbá Kíkọ Lórí Okùn

Bí a bá wá kọ Yorùbá sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlù gbé ohùn, ó fi kọ́ńsónáǹtì sílẹ̀. Ìwé tí àmì rẹ̀ ti jábọ́ gbé kọ́ńsónáǹtì, ó fi ohùn sílẹ̀. Etí kò sì lè ran ojú lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá rí “Baba ti ra oko” lójú tẹlifóònù rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá oko ni bàbá rà, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ̀.

Níbo ni àmì ti ń jábọ́? Kì í ṣe inú okùn. Òdo àti ení tí a bá kó sínú rẹ̀ ni yóò jáde. Inú àdéhùn ni. Ìlànà ASCII, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, lo bíìtì méje. Àyè 128 ni ó ní. 33 nínú rẹ̀ jẹ́ àṣẹ fún ẹ̀rọ, èyí tí ó kù tó fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ńlá jẹ́ 65, B ńlá jẹ́ 66. Ẹ, ọ àti ṣ kò ní nọ́ńbà kankan. Wọ́n dà bí owó ẹyọ tí kò sí ẹni tí ó bá wa dá àdéhùn lórí rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọgbọ́n tí àwọn olùkọ́ èdè dá ni láti lo fọ́ńtì àkànṣe, níbi tí wọ́n ti ya àwòrán ẹ tàbí ọ̀ sórí nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti àmì mìíràn. Lórí ẹ̀rọ tí fọ́ńtì náà wà, ìwé ń dán gbinrin. Bí a bá fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò ní in, ohun tí yóò hàn ni àmì owó òkè òkun àti onírúurú àmì tí kò ní ìtumọ̀. Ìṣòro ìwé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láti ìgbà náà ni pé a kò lè kà wọ́n mọ́ bí fọ́ńtì wọn bá ti sọnù.

Ìlànà Unicode, tí ìwé rẹ̀ kìíní jáde ní 1991, ni ó mú ìyípadà wá, nítorí pé ó fẹ́ fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ 7865, ọ jẹ́ 7885, ṣ sì jẹ́ 7779. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè kíyè sí i pé ẹ àti ọ wà nínú èdè Vietnam pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, àmì ohùn ni àmì abẹ́ yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé lọ́dọ̀ tiwa ó ń ya fáwẹ́lì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti to ó pọ̀, ọ̀nà tí a lè gbà tò ó sì ju ọ̀kan lọ. A lè mú ẹ (7865) kí a fi àmì òkè (769) lé e. A lè mú é (233) kí a fi àmì abẹ́ (803) sí i. A sì lè mú e lásán (101), kí a fi àmì abẹ́ àti àmì òkè tẹ̀ lé e. Lójú wa, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́, ohun mẹ́ta ni. Ká ní akọ̀wé kan tẹ orúkọ Ṣẹ́gun ní ọ̀nà kìíní, tí èkejì wá a ní ọ̀nà kejì: kọ̀ǹpútà yóò ní kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni máàkì rẹ̀ wà níbẹ̀. Unicode ti ṣe òfin tí a fi lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ètò náà ní láti rántí lò ó.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ orí tẹlifóònù kan àpò. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ní àyè bíìtì 1,120. Bí a bá lo lẹ́tà tí ó wà nínú ìlànà GSM, bíìtì méje ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà lẹ́tà 160 ni yóò gbà. Nínú ìlànà náà, à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, àwọn lẹ́tà tí èdè Italy ń lò. É náà wà. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú kò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá wọ inú iṣẹ́ náà, gbogbo lẹ́tà yóò di bíìtì 16, àyè yóò sì já sí 70. Ẹ wo gbólóhùn “Ẹ̀gbọ́n ń bọ̀”. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, àyè mẹ́wàá ni, bíìtì 70. Bí a bá fi àmì sí i bí ó ti tọ́, ó di àyè 13, bíìtì 208, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí ó kọ Yorùbá dáadáa ni ó ń san owó jù. Kò sí ẹni tí ó pinnu láti fìyà jẹ wá. A kò kàn sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dá àdéhùn náà ni.

9.0 Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a tẹ̀ lé ọ̀nà tí àwọn aṣáájú wa là sílẹ̀ nínú iṣẹ́ Èdè-Ìperí Yorùbá, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984. Níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá lè gbé èrò náà láìfi ipá, òun ni a lò: ìsokọ́ra abẹ́lé, ìdì, àdéhùn, okùn dígí, nọ́ńbà àyẹ̀wò. Níbi tí ọ̀rọ̀ àyálò bá ti wà lẹ́nu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà, a fi àkọtọ́ Yorùbá kọ ọ́: bíìtì, báìtì, ráútà, súíìsì. A yan “àdéhùn” fún òfin tí ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí pé ó ń rán wa létí pé ènìyàn ni ó jókòó ṣe é, àti pé ènìyàn lè tún un jókòó lé lórí. Bí òǹkàwé bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù, a ó fi ọpẹ́ gbà á.

10.0 Àgbálọgbábọ̀

Àkọtọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́ àdéhùn. Ní 1875 ni wọ́n pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àtúnṣe tí a ń lò nílé-ìwé. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀ pé lẹ́tà tí kò ní ìfẹnukò kò lè rìn jìnnà. Iṣẹ́ kan náà ni ó kù fún wa lórí okùn.

Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kò ná wa lówó. Kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ fọ́ńtì àkànṣe sílẹ̀, kí ó sì sọ àwọn ìwé àtijọ́ rẹ̀ di ti Unicode nígbà tí ẹ̀rọ tí ó lè kà wọ́n ṣì wà. Kí a má sì ṣe gba ètò àkọsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tà á fún ilé-ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé a dán an wò. Gbólóhùn kan ṣoṣo ti tó: “Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́, ọ̀rẹ́ mi ń sùn.” Kí a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kan, kí a fi í ránṣẹ́ sí èkejì, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde, kí a wá a nínú àkọsílẹ̀, kí a sì fi í ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù. Bí ó bá dé pé pérépéré ní gbogbo ibẹ̀, iṣẹ́ náà dára. Bí ó bá dé ní “Egbon mi n sise, ore mi n sun”, kí a dá ètò náà padà fún ẹni tí ó tà á, kí a sì fi nọ́ńbà lẹ́tà tí ó sọnù hàn án. Olùkọ́ èdè tí ó bá mọ̀ pé 7865 ni ẹ kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá.